Ohun tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Safwan

Huntstown, Dublin 15
Ọjọ́ keje, oṣù Kìíní, 2007

Bàbá àgbà mi,

Ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo mọ̀ pé ara yín le. Ara tiwa náà le, àfi pé òtútù ibí fẹ́ gbẹ̀mí mi. Láàárọ̀ àná mo sọ̀rọ̀ níta, ọ̀rọ̀ náà dì gbagidi, mo ní láti gbé e wọlé kí n fi omi gbígbóná yọ́ ọ kí n tó mọ ohun tí mo sọ.

Ẹ ní Yorùbá ni kí n máa fi kọ̀wé sí yín, kí n sì máa fi àmì sí i. Ó ti dáa. Ẹ tún ní fóònù kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ gidi. Òótọ́ nìyẹn náà, torí kí ẹ tó béèrè gbogbo ará ilé tán lọ́wọ́ mi, káàdì á ti tán.

Ọ̀rọ̀ gidi tó wà nílẹ̀ ni ti Safwan àbúrò mi. Oṣù Kẹfà ló máa parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ọ̀dọ̀ yín dé ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Mọ́mì ní òtútù àti èdè òyìnbó ló pa á lẹ́nu mọ́, pé ó máa tú tó bá yá. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá, kò tíì tú. Kò lè ka gbólóhùn kan. Òyìnbó tó ń sọ jù ni "grand", ìyẹn ni pé ó dáa. Ṣé ebi ń pa ọ́, Safwan? Grand. Ó ṣubú, orúnkún bó: grand.

Tíṣà rẹ̀ wá sọ fún wa pé ilé ìwé kan wà ní ọ̀nà Finglas fún àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ni lára, láti ọmọ ọdún méjìlá dé méjìdínlógún. A lọ wò ó. Bàbá àgbà, ọmọ mẹ́jọ péré ló wà ní kíláàsì kan! Tíṣà kan, olùrànlọ́wọ́ méjì. Wọ́n ní ilé ìdáná tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè, wọ́n ní ọgbà ewébẹ̀, wọ́n ní yàrá kan tí iná rẹ̀ ń tàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ẹni tí ariwo bá da orí rẹ̀ rú. Wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì. Safwan jókòó sínú yàrá yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a máa lọ, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Èmi àti Mọ́mì àti ọkùnrin kan tó ń tún ilé ṣe la jọ já a kúrò níbẹ̀.

Ààyè mẹ́fà ló ṣófo níbẹ̀ lọ́dún yìí. Wọ́n bá fún wa ní fọ́ọ̀mù, ojú ìwé ẹgbẹ̀rún kan. Ó dáa, méjìdínlógún. Mọ́mì ń lọ síbi iṣẹ́, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Nàbílà, ìwọ lo gbọ́ òyìnbó wọn. Kọ ọ́ kó dùn. Má tú àṣírí ọmọ mi fún ará ìta."

Bàbá àgbà, mo kọ ọ́! Wọ́n ní ṣé ó lè so okùn bàtà. Mo ní tó bá di ojú ó lè so ó. Wọ́n ní ṣé ó lè dá títì sọdá. Mo ní òun ló ń mú àwọn arúgbó sọdá. Ṣé ó lè dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù? Mo ní gbogbo mílíìkì tí wọ́n ń mu ní Huntstown, òun ló ń rà á. Wọ́n wá ní nígbà wo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nígbà wo ló kọ́kọ́ mọ̀wé kà. Mọ́mì ò mọ̀, torí Safwan ò tíì pé ọdún méjì nígbà tó fi í sílẹ̀ fún yín wá síbí. Èmi ò mọ̀, ọ̀dọ̀ Àǹtí ní Ìbàdàn ni mo wà. Mo bá tú àwọn lẹ́tà yín àtijọ́ tí Mọ́mì kó pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: ọmọ ọdún méjì ló ti ń sọ̀rọ̀ bíi Lèmọ́mù, ọmọ ọdún mẹ́rin ló ka ìwé kìíní tán. Mo yí i sí òyìnbó, mo fi sínú fọ́ọ̀mù.

Ààyè mẹ́fà, ọmọ bí ọgbọ̀n ló ń dù ú. Ẹni tó bá dáa jù ni wọ́n máa mú. Ta ló fẹ́ dáa ju Safwan tí mo kọ yẹn?

Mọ́mì kí yín. Dádì kí yín láti inú táksí rẹ̀. Safwan fọwọ́ kan fọ́tò yín lára ògiri, ìkíni tiẹ̀ nìyẹn.

Èmi ni ọmọ ọmọ yín tó gbọ́n jù ní gbogbo Ireland (Mọ́mì ní kí n pa á rẹ́, mi ò pa á rẹ́),
Nàbílà


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 2007

Nàbílà ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lónìí, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Mo kí Ṣubúọlá ọmọ mi, mo kí ọkọ rẹ̀, mo kí Safwan. Rafiat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi gbé, ní kí n kí yín. Àmì ohùn mọ́kànlá lo pa jẹ. Mo ti fi bírò pupa mú gbogbo wọn, mo sì fi lẹ́tà náà sínú àpòòwé yìí padà kí o lè rí ibi tí o ti kù sí. Ẹgbẹ́ rẹ wà níbí tí wọn kò rí ẹni tún ìwé wọn ṣe.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé tí o sọ kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní ìlú yìí, mo fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ ṣe hẹdimásítà. Mo kọ́ dókítà, mo kọ́ lọ́yà, mo kọ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ní kó kúkú máa lọ hun òfì. Kò sí ọmọ tí kò lè mọ̀wé. Tíṣà ọ̀lẹ ló wà. Ẹ fẹ́ gbé ọmọ ọmọ hẹdimásítà lọ sí ilé ìwé àwọn tí ara wọn kò pé, kí ni kí n wí lẹ́yìn ìrun? Àná yìí ni Oyèbánjí, aládùúgbò mi, bi mí léèrè rẹ̀. Mo ní ó ń múra àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì. N kò purọ́.

Tí agbára àwọn tíṣà Dublin kò bá ká a, ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi. Ọdún kan péré. Ilé mi nìyí, pátákó ìkọ̀wé mi ṣì wà lára ògiri.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ wálé, fi tíì yín tó dúdú yẹn rán an, àti bírò pupa mẹ́fà. Tí ibí ń jò.

Èmi ni bàbá tó bí ìyá rẹ,
Tìrìmísíyù


Huntstown
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, 2007

Bàbá àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́ni. Mo rí bírò pupa yín. Ìwé mi dà bí ẹni tí adìyẹ ẹlẹ́jẹ̀ rìn kọjá lórí rẹ̀.

Wọn ò gba Safwan.

Ọjọ́ kan náà ni lẹ́tà yín àti lẹ́tà wọn dé. Wọ́n ní àwọn ka fọ́ọ̀mù wa tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní ọmọ tó bá ti sọ Yorùbá já gaara ní ọmọ ọdún méjì, tó ti kàwé ní ọmọ ọdún mẹ́rin, tó ń dá ra nǹkan, kò sí ohun tó ṣe é. Ìlú tó yí padà àti èdè tuntun ló dà á láàmú. Kí ó lọ sí sẹ́kọ́ńdírì bíi gbogbo ayé, wọ́n á fi ẹ̀kọ́ òyìnbó wákàtí méjì kún un lọ́sẹ̀. Ààyè ibẹ̀ wà fún àwọn tí kò lè ṣe nǹkan wọ̀nyẹn. Bàbá àgbà, ìdíje ni mo rò pé ó jẹ́! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi gbogbo tí mo mọ̀. Ta ló ń kọ̀wé wáṣẹ́ tó ń kọ ohun tí kò lè ṣe síbẹ̀?

Sẹ́kọ́ńdírì tí wọ́n wí yẹn, tèmi ni. Ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ló wà níbẹ̀ (tòótọ́-tòótọ́, lọ́tẹ̀ yìí mi ò fi kún un). Wọ́n ní ká mú un wá wo ibẹ̀. A wà ní kọ́rídọ̀ nígbà tí bẹ́ẹ̀lì dún. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan, ariwo tú jáde. Safwan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi yọ fóònù jáde, ó ń ya á, ó ń pariwo pé eré ńlá nìyí, "Deadly craic!" Fóònù yẹn wà ní ìsàlẹ̀ ilé ìgbẹ́ àwọn ọkùnrin báyìí. Èmi náà wà nílé, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lé mi fún.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Mọ́mì ò mọ ohun tí mo kọ. Ó gbà pé torí a jẹ́ dúdú ni wọn ò ṣe mú un. Ó ti sọ fún Màmá Ikram, Màmá Ikram ti sọ fún gbogbo ìyá tó wà ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ti ṣe àdúrà lé e, wọ́n ti ń wá lọ́yà, wọ́n fẹ́ kó ara wọn lọ dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé tí kò ṣe nǹkankan. Tí mo bá wọlé, wọ́n á ní kí n jókòó kí n kọ ìwé ẹ̀sùn náà fún wọn! Èmi! Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró, mo ti rìn yí Huntstown ká tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọ́lé tuntun lẹ́bàá wa fi rò pé wọ́n gbà mí síṣẹ́ ọdẹ.

Ilé ìwé Finglas yẹn fún wa ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún láti wá tún ẹjọ́ wa rò níwájú obìnrin tó ń yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ wò. Mo fi fóònù bi í pé, tí fọ́ọ̀mù bá ti ní àṣìṣe ńkọ́? Ó ní, "Ta ló tọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré? Ẹni yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, lórí ìwé."

Bàbá àgbà, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí mo bá ti Ìbàdàn wá fún ọlidé, mi ò rántí pé Safwan bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ẹ máa ń sọ pé ojú ń tì í. Mo sì tún wo lẹ́tà tí ẹ dá padà. Mo pa àmì mẹ́ta jẹ lórí ìlà tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ nípa ìgbà tó kọ́kọ́ fọhùn. Bírò pupa yín ò kan ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí eṣinṣin lórí àmì ìdánudúró.

Nígbà wo ló sọ̀rọ̀, Bàbá àgbà?

Nàbílà tí ojú ń tì


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2007

Nàbílà,

Mo kí ìyá rẹ.

Èmi ni o ń bi ní irú ìbéèrè yẹn? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń wo ìwé mi láti mọ ibi tí mo fojú fò! Bí ẹ ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ní Dublin nìyẹn. Ìwọ lo kọ irọ́ sínú ìwé ìjọba, ìwọ lo sì fẹ́ kí n wá jẹ ẹ̀bi rẹ̀ mọ́ ọ.

Ohun tí mo kọ ti di kíkọ. N kò ní bá òyìnbó kan tí n kò rí rí jókòó máa jíròrò bí mo ṣe tọ́ ọmọ.

Mo ti bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó gbà pẹ̀lú mi pé, tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò bá lójú, kí Safwan máa bọ̀ nílé ní oṣù Keje. Rafiat ti sá ẹní rẹ̀ sóòrùn. Mo ti ra ṣọ́ọ̀kì.

Tìrìmísíyù


Huntstown
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹrin, 2007

Bàbá àgbà,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí n tó kọ èyí. Tòótọ́ ni, mo kúnlẹ̀, Safwan ń wò mí, ó ní, "Grand?"

Mo ti sọ fún Mọ́mì. Ní ilé ìdáná ni, ó ń gé àlùbọ́sà. Mo sọ gbogbo rẹ̀: okùn bàtà, mílíìkì, àwọn arúgbó tó ń sọdá. Mo ti múra láti jẹ ìgbátí. Mo ti wo ilẹ̀kùn, mo ti wọ bàtà sẹ́sẹ̀. Kò gbá mi. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jókòó sórí táìlì ilẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ó ní, "Nàbílà, ọmọ ọdún mélòó ni Safwan nígbà tó kọ́kọ́ ní 'Mọ́mì'?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀. Èmi tí mo bí i."

Lẹ́yìn náà ló dìde tó lọ pe Màmá Ikram pé kò sí ìwọ́de mọ́, ọ̀rọ̀ ilé ni. Màmá Ikram ní, "Haa! Ṣubúọlá! Lẹ́yìn tí mo ti ra páálí tí a fẹ́ kọ ọ́ sí!"

Dádì ní òun ò fẹ́ rán an wálé, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá gbà á, òun ò ní fi í sínú kọ́rídọ̀ yẹn. Ilé yín ló kù. Ó sọ ọ́, ó sì jáde lọ jókòó sínú táksí láìlọ síbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Safwan ń ṣe. Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n fún wa ní ilé ìwé Finglas yẹn, àwòrán ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé wà lójú rẹ̀. Ó ń mú un sùn. Ó ń mú un lọ sí balùwẹ̀. Ó ti ya sí méjì, Mọ́mì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Àràárọ̀ ló ń wọ kóòtù, tó ń mú ìwé yẹn dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ń dúró de ẹni tó máa mú un lọ. A ní kì í ṣe òní, Safwan. Ó ní, "Grand," kò sì kúrò níbẹ̀.

Mo pe fóònù yín lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Rafiat ní ẹ wà ní mọ́ṣáláṣí. Ṣé mọ́ṣáláṣí lẹ kó lọ ni? Ó bọ́ sí i lẹ́nu pé ẹ ń ka lẹ́tà mi, ẹ ń ká a, ẹ tún ń tú u.

Mi ò pè yín ní onírọ́. Èmi ni onírọ́ inú ẹbí yìí, mo gba oyè náà. Mo kàn ń bẹ̀ yín ni. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni lẹ́tà yín yìí lò lọ́nà, ọjọ́ ẹjọ́ wa sì ń sún mọ́.

Nàbílà


Huntstown
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún, 2007

Bàbá àgbà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti mọ ohùn mọ́tò ẹni tó ń pín lẹ́tà báyìí. Mo mọ ìgbà tó ń yọ láti Corduff. Ó ti mọ èmi náà, ó máa ń mi orí láti ọ̀kánkán kí n má baà sáré jáde lásán.

Ọjọ́ méjìdínlógún ló kù.

N.


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Karùn-ún, 2007

Nàbílà ọmọ Ṣubúọlá,

Olúfúnmilọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Balbriggan, ló mú lẹ́tà yìí lọ́wọ́ bọ̀. N kò fẹ́ fi lé póòsì lọ́wọ́. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti kọ ọ́ tí mo ya á. Bá mi kí ìyá rẹ. Kọ́kọ́ kà á fún un kí o tó yí i sí òyìnbó, kí ó jókòó kí o tó kà á.

Ọmọ ọdún méjì ó lé oṣù mẹ́rin ni Safwan kó tó rìn. Ní ọdún yẹn náà, gìrì mú un lẹ́ẹ̀mẹta nínú òjò kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kẹta, a lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ní ọsibítù. N kò sọ fún Ṣubúọlá. Kò tíì ní ìwé ìgbélùú nígbà náà. Tó bá wálé, kò ní lè padà mọ́, tí kò bá sì wálé, ọkàn rẹ̀ kò ní gbé ibì kan. Mo bá kọ ọ́ pé ọmọ ń sọ̀rọ̀ bíi Lèmọ́mù. Lẹ́yìn tí mo ti kọ ti àkọ́kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e kò ṣòro.

Ọmọ ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀ ló tó sọ ọ̀rọ̀ kan. "Omi" ni. Èkejì, fọ́tò ìyá rẹ̀ ló dojú kọ tó fi sọ ọ́. "Mọ́mì" ló wí. Ìyẹn jẹ́ òtítọ́, Rafiat wà níbẹ̀. Sọ fún Ṣubúọlá.

Kò ka ìwé kìíní. Kò ka ìwé kankan. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì, fún ọdún mẹ́ta. Kò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí igi. Mo fi pàṣán kọ́ ọ bí mo ṣe fi kọ́ gbogbo ọmọ. Ó wá di pé, tó bá ti rí ìwé lọ́wọ́ mi, á na ọwọ́ rẹ̀ síwájú fúnra rẹ̀, á yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, á máa dúró. Ó ti gbà pé ohun tí wọ́n ń fi ìwé ṣe nìyẹn. Mo rí i. N kò dá a dúró.

Ọkùnrin kan wà níbí tó ń jẹ́ Ládiípọ̀. Mo dá a padà sí kíláàsì kẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo pè é ní olódo níwájú gbogbo ilé ìwé, kò wá mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Òun ló ń ti kẹ̀kẹ́ omi wá sí ilé wa báyìí. Àràárọ̀ ló ń kí mi: "Ẹ káàárọ̀, Tíṣà." Lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà rẹ nípa ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ó kí mi, mo yíjú kúrò, mo wọlé.

Kọ gbogbo èyí bí mo ṣe kọ ọ́. Má fi iyọ̀ sí i, má sì bu iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Tí o bá yí i tán, kó àwọn lẹ́tà mi àtijọ́ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ padà fún mi. Mo fẹ́ tún wọn ṣe.

Rafiat ti ká ẹní náà.

Tìrìmísíyù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì


Huntstown
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2007

Bàbá àgbà mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o, ẹ kú ẹnu gbígbẹ. Ọjọ́ kẹrin rèé, mo sì ti rù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rò pé abẹ́rẹ́ ni mo jẹ́.

Lórí fóònù mo kàn sọ fún yín pé wọ́n gbà á, káàdì já. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Mọ́mì jókòó nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo dé ibi "Mọ́mì," ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀méje (méje gan-an ni). Mo dé ibi pàṣán. Ó kàn pe Safwan, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bínú sí yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ mọ̀ ọ́n, torí ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti tán báyìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, obìnrin yẹn ka lẹ́tà yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí bóyá mo fi nǹkan kún un. Mo ní rárá. Ó ní, "Báwo ló ṣe wá dá ẹ lójú pé òótọ́ ni?" Mo ní torí pé èyí ò dùn. Ó gbé fọ́ọ̀mù tuntun síwájú mi. Ṣé ó lè so okùn bàtà? Rárá. Ṣé ó lè dá títì sọdá? Rárá. Rárá méjìlélógójì ni mo kọ, Bàbá àgbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo ju pátákó ìkọ̀wé yín lọ, Mọ́mì sì ń mi orí sí i níkọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀ ààyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kún. Wọ́n ní ká lọ dúró. A dúró ní oṣù Kẹfà, a dúró ní oṣù Keje. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹjọ ni ìdílé kan kó lọ sí Cork, wọ́n pè wá. Safwan ti wọ kóòtù kí Mọ́mì tó gbé fóònù sílẹ̀. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nígbà tó débẹ̀. Wọn ò gbé ìwé fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ti sọ fún tíṣà rẹ̀ nípa ọwọ́ tó ń nà. Àwòrán ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ti se ẹyin. Ó jóná, ó jẹ ẹ́.

Mo kó àwọn lẹ́tà yín àtijọ́ sínú àpótí tíì tí Olúfúnmilọ́lá ń mú bọ̀. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Bírò pupa mẹ́fà wà lórí wọn. Ẹ bá mi kí Ládiípọ̀.

Ó ku ti bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti ń kọ́ wọn. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n ní kí Safwan dá wọ̀ ọ́. Tíṣà kan mú un wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀. Tíṣà kejì ń dúró níbi tó máa sọ̀. Mo ti jókòó sí àjà òkè bọ́ọ̀sì alájà méjì náà kó tó wọlé, mo fi fìlà bo ojú, mo ń wò ó nínú dígí tó wà lórí àtẹ̀gùn. Wọn ò mọ̀, Mọ́mì náà ò mọ̀, ẹ má sọ. Safwan jókòó. Ó di ìwé pélébé yẹn mú. Nígbà tó yá, ó tẹ bẹ́ẹ̀lì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Dírẹ́bà yíjú padà, ó ní, "Are you all right there, bud?"

Safwan ní, "Grand." Ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ibùdókọ̀ kan péré ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Mi ò fi nǹkankan kún un.

Nàbílà yín